Ibi Tí Àwòrán Ti Ń Bàjẹ́ Lójú Ọ̀nà

Ìbéèrè kan wà tí wọ́n sábà máa ń bi mí tí wọ́n bá ti gbọ́ pé mo máa ń tún kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣe. Wọ́n á ní wáyà wo làwọn máa rà táwọn á fi so ó mọ́ pílásímà tó wà ní pálọ̀. Wọ́n á ti ya fọ́tò ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sórí WhatsApp, wọ́n á tún ya ẹ̀yìn TV, wọ́n á wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, èwo ló wọ èwo níbẹ̀?" Ó máa ń wù mí kí n dá wọn lóhùn kíá, àmọ́ wáyà kọ́ lọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀nà tí àwòrán ń gbà kó tó jáde síta, àti gbogbo ohun tí wọ́n fojú ẹ̀ rí lọ́nà yẹn. Mo ti sọ ọ́ lẹ́nu fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹ jẹ́ n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ kó kún.

Níbí ní Èkìtì, àwọn kọ̀ǹpútà yìí pọ̀ ju béèyàn ṣe rò lọ, ẹ kàn ò ní rí wọn lọ́jà ni, inú ilé ni wọ́n wà. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ìwé ṣe rí lọ́dọ̀ tiwa. Àwọn bàbá àti ìyá tó lọ gboyè nílùú Òyìnbó láyé ìgbà yẹn, nígbà tí wọ́n ń darí bọ̀ wálé wọ́n di ìwé, wọ́n di kóòtù òtútù tí wọn ò tún wọ̀ mọ́ láéláé, wọ́n sì ki kọ̀ǹpútà kékeré kan sáàárín ẹrù fáwọn ọmọ. ZX Spectrum ló pọ̀ jù nínú èyí tó ti gba ọwọ́ mi kọjá, Commodore 64 ló tẹ̀ lé e, Amiga ò pọ̀, BBC Micro ṣọ̀wọ́n, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti rí BBC, ẹ máa bá olùkọ́ nílé yẹn. Àwọn ọmọ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ rà á ti di ìyá ọmọ, wọ́n ti di bàbá ọmọ, àwọn míì ti wà ní Kánádà. Kọ̀ǹpútà ṣì wà lókè àjà nínú páálí ẹ̀ pẹ̀lú kasẹ́ẹ̀tì géèmù tí aáyán ti sọ dilé. Tẹ́ ẹ bá tan iná sí i, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló ṣì ń ṣiṣẹ́, ìyẹn gan-an ló máa ń dùn mí, pé nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń pè ní òkú torí pé wọn ò ríbi wo ojú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Lóṣù kẹrin ọdún 1982 tí iléeṣẹ́ Sinclair gbé Spectrum jáde nílùú Ọba, oní-16K (K ló ń sọ bí ìrántí inú ẹ̀ ṣe tó) jẹ́ pọ́n-ùn 125, oní-48K jẹ́ pọ́n-ùn 175. Owó tí ilé tí ò lówó púpọ̀ náà lè tù jọ nìyẹn. Mọ́nítọ̀ aláwọ̀ láyé ìgbà yẹn lè gbówó ju kọ̀ǹpútà náà fúnra ẹ̀ lọ, nítorí náà wọ́n ṣe é kó lè lo TV tó ti wà nílé tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ TV ìgbà yẹn, ihò kan ṣoṣo ni nǹkan lè gbà wọ inú ẹ̀, ihò antẹ́nà. TV yẹn ò mọ kọ̀ǹpútà, ohun tó mọ̀ ni pé iléeṣẹ́ kan wà níbì kan tó ń gbé àwòrán sáfẹ́fẹ́. Kọ̀ǹpútà wá gbọ́dọ̀ ṣe bí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sí Èkìtì kí dẹ̀kódà tó gbòde, ẹ ò lè gbàgbé ọ̀pá ọparun. Òkè ló yí wa ká, láti Ẹ̀fọ̀n títí dé Ìkẹ́rẹ́, tí òkè bá sì ti dí ojú sígínà, àfi kẹ́ ẹ gbé antẹ́nà ga. Ẹnì kan á wà lẹ́yìnkùlé á máa yí ọ̀pá, ẹnì kan á wà lójú wíńdò á máa pariwo, ó ti mọ́, ó ti mọ́, háà, ó ti tún lọ, dá a padà díẹ̀! Ọ̀nà yẹn gan-an ni Spectrum gbà. Àpótí fàdákà kékeré kan wà nínú ẹ̀ tó ń gbé àwòrán gun ṣánẹ́ẹ̀lì 36 lórí UHF, nǹkan bíi megahertz 591, wáyà á gbé e wọ ihò antẹ́nà, ẹ̀yin á wá máa wá a kiri lórí TV títí tẹ́ ẹ máa fi bá a pàdé. Òkè ò sí láàárín àwọn méjèèjì, afẹ́fẹ́ ò sí, wáyà ọ̀hún ò ju ìdúró èèyàn kan lọ, síbẹ̀ wọ́n ti di ẹrù àwòrán náà bí ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò láti Adó lọ sí Àkúrẹ́.

Ẹrù dídì yẹn ló ń ba àwòrán jẹ́. Ṣíìpù kan wà nínú Spectrum tó ń jẹ́ ULA, Ferranti ló ṣe é, òun ló ń ya gbogbo ohun tẹ́ ẹ rí, àmì 256 ní ìbú, 192 ní gíga. Nígbà tí àwòrán kúrò lọ́wọ́ ULA, ìmọ́lẹ̀ wà lọ́tọ̀, àwọ̀ wà lọ́tọ̀, gbogbo ẹ̀ ṣì mọ́ tónítóní. Ṣíìpù kejì tí wọ́n ń pè ní LM1889 á wá kó àwọ̀ gun orí ìgbì kan tó ń lọ ní megahertz 4.43, wọ́n á pò ó mọ́ ìmọ́lẹ̀, méjèèjì á di ohun kan tó lè gba inú wáyà kan ṣoṣo, ìyẹn la mọ̀ sí composite. Lẹ́yìn ìyẹn ni àpótí fàdákà á tún gbé composite yẹn gun ṣánẹ́ẹ̀lì 36. TV á gbà á, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ látorí ṣánẹ́ẹ̀lì, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọ̀ kúrò lára ìmọ́lẹ̀, kì í sì í yà á tán. Ìdí nìyẹn tí etí lẹ́tà fi máa ń ní àwọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fi síbẹ̀, tí ibi tí pupa ti pàdé búlúù fi máa ń jó, tí gbogbo ojú TV fi máa ń ṣe ṣàìṣàì tí ẹnì kan bá tan búléńdà níyàrá kejì.

Nítorí náà òfin kan ni mo ń tẹ̀ lé. Ẹ lọ mú àwòrán níbi tó ti sún mọ́ ṣíìpù jù, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ látìsinsìnyí lọ, òfin yẹn náà ni.

Ti Spectrum ló rọrùn jù. Ẹ dojú ẹ̀ bolẹ̀, ẹ tú ìdè ìsàlẹ̀, ẹ wá rọra ṣí i, torí kíbọ́ọ̀dù ẹ̀ so mọ́ bọ́ọ̀dù pẹ̀lú ọ̀já pẹlẹbẹ méjì tó ti gbẹ láti ọjọ́ yìí wá, tẹ́ ẹ bá fà á wẹ́rẹ́ ó máa já. Lọ́wọ́ òkè lápá òsì ẹ máa rí àpótí fàdákà yẹn, wáyà méjì ló wọ inú ẹ̀ látorí bọ́ọ̀dù, ọ̀kan gbé iná fóltì 5, ọ̀kan gbé composite. Ẹ fi áyọ̀n tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe ń lò yọ méjèèjì. Ẹ ṣí ọmọrí àpótí, ẹ já ohun tó so mọ́ àárín sókẹ́ẹ̀tì nínú ibẹ̀, kẹ́ ẹ wá mú wáyà composite yẹn lọ tààrà sí àárín sókẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi ọmọrí dé e padà. Ẹ ò gbẹ́ ihò, ẹ ò gé nǹkan kan, lọ́la tẹ́nì kan bá fẹ́ dá a padà sí bó ṣe wà, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Sókẹ́ẹ̀tì tó ń gbé ṣánẹ́ẹ̀lì 36 jáde tẹ́lẹ̀ ti di èyí tó ń gbé composite, tó lè wọ ihò yẹ́lò tó wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ pílásímà. Ìpele kan péré la yọ kúrò lọ́nà yẹn, àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wo Spectrum lórí ihò antẹ́nà rí, ojú yín ló máa sọ fún yín. Ariwo tó wà nínú àwòrán á lọ, lẹ́tà á dúró sójú kan.

Tí TV yín bá ní ihò yẹ́lò, ẹ dúró níbẹ̀ ná. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá jẹ́ mọ́nítọ̀ lẹ ní, tí ò ní ju HDMI lọ. Ẹ máa dé ìsọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan dẹ̀kódà ní Òkèsà, wọ́n á mú àpótí dúdú kékeré kan fún yín, ihò pupa funfun yẹ́lò lápá kan, HDMI lápá kejì, owó ẹ̀ ò wọ́n rárá. Mi ò ní ká má rà á, ó ń gbé àwòrán jáde, fún ẹni tó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá kọ̀ǹpútà ẹ̀ ṣì wà láyé ó tó. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó sọ pé bí àwòrán kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣe máa ń burú nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àpótí yẹn ń ṣe.

Tẹlifíṣọ̀n PAL tá a lò dàgbà ń gbé ìlà 625 wá fún àwòrán kan, àmọ́ kì í gbé e wá lẹ́ẹ̀kan náà, ó pín in sí méjì, ó kọ́kọ́ fa àwọn ìlà kan, ó wá fa àwọn tó kù sáàárín wọn, ìdajì 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlà 312 ló ń gbé wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ojú ibì kan náà ló sì ń fà á sí nígbà gbogbo, odindi àwòrán ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀. TV ẹlẹ́yìn gbọ̀ngbọ̀n ò ní wàhálà pẹ̀lú ìyẹn, torí òun ò ronú, bí ìlà bá ṣe dé ló ṣe ń fà á. Àpótí dúdú yẹn ló ń ronú. Ó rò pé ìdajì ìdajì ni wọ́n ń gbé wá fún òun, ó wá ń mú àwòrán ti ìsinsìnyí hun mọ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, ohun tó ń rìn á wá ya etí wánkawànka, ìlà tín-ín-rín á máa gbọ̀n. Lẹ́yìn náà, púpọ̀ nínú wọn ń gbé e jáde lórí 60 nígbà tí kọ̀ǹpútà ń gbé 50 wá, nítorí náà nínú fírémù 5 ó gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀dà ọ̀kan, tí àwòrán bá ń yọ́ lọ sápá kan, ó máa ń ta kọ́ṣẹ́ kọ́ṣẹ́. Lórí gbogbo ẹ̀, ó máa ń fi àkókò ṣòfò kó tó gbé e jáde, ẹ tẹ bọ́tìnì, ọkùnrin inú géèmù á dúró díẹ̀ kó tó fò, ibẹ̀ ló sì máa ń kú sí. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí á wá sọ pé géèmù náà ló le jù.

Commodore 64 tiẹ̀ ṣàánú wa. Látọdún 1982 náà ló ti dé, àmọ́ èyí tó ní sókẹ́ẹ̀tì rọ̀bọ̀tọ̀ DIN oníhò 8 lẹ́yìn ń gbé ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun kan náà ni S-Video, ihò kan tó wà lẹ́yìn àwọn TV míì, ń ṣe, nítorí náà ẹ kàn ṣe wáyà tó lọ sí S-Video, kẹ́ ẹ fi rẹsísítọ̀ bíi 300 ohm sójú ọ̀nà àwọ̀ torí àwọ̀ ti Commodore máa ń le jù fún TV òde òní. Ìyàtọ̀ láàárín ìyẹn àti composite kì í ṣe kékeré. Ẹnikẹ́ni tó bá ń lo ihò yẹ́lò fún C64 nígbà tí ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ ti wà lọ́tọ̀ ní sókẹ́ẹ̀tì, ó ń fọwọ́ ara ẹ̀ ba nǹkan jẹ́.

Ó wá ku Amiga àti Atari ST, níbi tí èèyàn á ti rò pé ó parí. Amiga 500 tó jáde lọ́dún 1987 ń gbé pupa, gíríìnì àti búlúù síta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò po ohunkóhun pọ̀. VGA, ihò tó wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀, pupa, gíríìnì, búlúù lòun náà ń gbà. Ṣé ká wá so wáyà sí wáyà? Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ọyẹ́ ṣe wáyà yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ dáa púpọ̀, ó so ó, mọ́nítọ̀ wá kọ "Out of Range" gàdàgbà sójú. Ó pè mí, ó ní ẹ̀gbọ́n, Amiga yìí ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ìṣirò ni. Ìlà 312 lọ́nà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan jẹ́ nǹkan bí ìlà 15,600. VGA tí IBM gbé jáde lọ́dún 1987 yẹn náà ń gbé ìlà 525 lọ́nà 60, ìyẹn 31,500, nǹkan bí ìlọ́po méjì. Mọ́nítọ̀ tí wọ́n ṣe fún VGA kì í sábà gba ohun tó bá lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí wáyà dáa tó. Àwọn díẹ̀ wà tó máa ń gbà á, àwọn NEC MultiSync àtijọ́ kan wà níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá bá ọ̀kan pàdé láàárín ẹrù tòkunbọ̀ ẹ má jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ yín. Àmọ́ fún èyí tó kù, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà láàárín tó máa sọ ìlà kan di méjì.

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn ti wà, àwọn èèyàn tó fẹ́ràn nǹkan yìí bíi tèmi ló jókòó ṣe wọ́n, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kàn mi gan-an ni. Bọ́ọ̀dù kan wà tó ń jẹ́ GBS-8200, torí ẹ̀rọ géèmù inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ṣe ṣe é, owó ẹ̀ ò pọ̀, iṣẹ́ ẹ̀ náà ò fi bẹ́ẹ̀ dáa, àmọ́ tẹ́ ẹ bá so ṣíìpù ESP8266 mọ́ ọn tẹ́ ẹ wá fi sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ GBS Control sí i lórí, ẹ ò ní gbà pé bọ́ọ̀dù kan náà ni. Àpótí kan tún wà tó ń jẹ́ OSSC, Markus Hiienkari ará Finland ló dá a sílẹ̀, ohun tí mo fẹ́ràn nípa ẹ̀ ni pé kì í dúró gba odindi àwòrán kó tó ṣiṣẹ́, bí ìlà kan bá ṣe wọlé ló ń sọ ọ́ di méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó ń gbé e jáde, nítorí náà bọ́tìnì tẹ́ ẹ tẹ̀ ò ní pẹ́ lọ́nà. Àmọ́ ó gba owó, pẹ̀lú bí dọ́là ṣe wà yìí èèyàn gbọ́dọ̀ fẹ́ràn nǹkan yìí dọ́ba kó tó rà á.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni RGBtoHDMI. Raspberry Pi Zero kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó jẹ́ bọ́ọ̀dù lásán, àti bọ́ọ̀dù kékeré kan tí ṣíìpù kan wà lórí ẹ̀, ó parí. BBC Micro ni wọ́n kọ́kọ́ tìtorí ẹ̀ ṣe é, BBC sì ni mo ti kọ́kọ́ rí ohun tó lè ṣe.

Bàbá kan ní Ìkẹ́rẹ́ ló ni BBC náà, olùkọ́ fisíìsì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Model B ni, 32K, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi gbé e wálé láti ìlú Òyìnbó, orí TV kékeré ni wọ́n sì ń lò ó mọ́ níbẹ̀ àti níbí, láti ihò antẹ́nà, títí TV fi kú. BBC ní ju ihò antẹ́nà lọ. Sókẹ́ẹ̀tì DIN oníhò 6 wà lẹ́yìn ẹ̀ tó ń gbé pupa, gíríìnì àti búlúù jáde, kò tiẹ̀ sí díẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ò ju wà tàbí kò sí lọ. Mẹ́ta tó lè wà tàbí kó máà sí, àwọ̀ 8 nìyẹn, gbogbo àwọ̀ tí BBC ní. Kò sí ìgbì tí àwọ̀ ń gun orí ẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n pò mọ́ra. RGBtoHDMI ń kà á bó ṣe rí gẹ́lẹ́, ó ń bá aago kọ̀ǹpútà náà rìn, àmì kan tí kọ̀ǹpútà yà ló máa jẹ́ àmì kan lójú mọ́nítọ̀, kò ní fi kún un, kò ní yọ kúrò.

Mo kọ́kọ́ ṣí ẹ̀rọ iná ẹ̀, torí àwọn kàpásítọ̀ kan wà nínú BBC tí ara wọn máa ń sán tí ọjọ́ bá ti pẹ́, tẹ́ ẹ bá tan iná sí wọn bẹ́ẹ̀ èéfín olóòórùn burúkú ni wọ́n máa tú sínú ilé. Mo pààrọ̀ wọn. A gbé mọ́nítọ̀ Dell kan sórí tábìlì ìjẹun, mo so gbogbo ẹ̀, Bàbá tẹ bọ́tìnì fúnra wọn. Ohùn méjì tó máa ń dún yẹn dún, lẹ́tà funfun wá jáde lórí dúdú, BBC Computer 32K, lábẹ́ ẹ̀ BASIC, ìyẹn èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, lábẹ́ ẹ̀ àmì tó ń dúró de ọwọ́ yín. Bàbá ò sọ̀rọ̀. Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wọ̀ ọ́, wọ́n sún mọ́ mọ́nítọ̀ débi pé èémí wọn ń kan ojú ẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, ó mọ́. Mi ò rí i kó mọ́ báyìí rí." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti rà á, sà. Wọn ò kàn jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ yín ni." Wọ́n wọ ìlà kan, wọ́n wọ ìkejì, àṣẹ FOR àti NEXT ti BASIC tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì wọn nígbà yẹn, ìka wọn mọ ibi tí lẹ́tà wà láìwò ó.

Mo ti rò ó títí lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Ohun tí kọ̀ǹpútà yẹn ń yà lọ́dún tí wọ́n rà á, òun náà ló ń yà lónìí. Bàbá yìí lo ẹ̀rọ náà láti ìgbà tí irun wọn dúdú, wọn ò sì rí ojú ẹ̀ gan-an àyàfi lọ́jọ́ ogbó.

Àwọn kan máa sọ pé TV ẹlẹ́yìn gbọ̀ngbọ̀n nìkan ló tọ́ sí kọ̀ǹpútà àtijọ́, mo sì gbọ́ wọn. Àwọn tó ya géèmù nígbà yẹn mọ̀ pé TV máa po àwọ̀ pọ̀, àwọn míì tiẹ̀ gbára lé e, wọ́n á to àmì dúdú àti funfun tẹ̀lé ara wọn kí TV lè sọ ọ́ di àwọ̀ eérú. Lórí mọ́nítọ̀ tó mọ́, ẹ máa rí àmì dúdú àti funfun náà ketekete. Fún géèmù bẹ́ẹ̀, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, tẹ́ ẹ bá ní TV tó ṣì dáa ẹ lò ó. Àmọ́ kọ̀ǹpútà kì í ṣe géèmù nìkan. Fún lẹ́tà, fún ẹni tó fẹ́ kọ BASIC, fún ojú àgbà, ojú tó mọ́ ló dáa, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀ lọ́dọ̀ tèmi. TV àtijọ́ sì ń tán lọ. Èyí tó bá kú, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé tàbí ẹnikẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n ṣí ẹ̀yìn ẹ̀, fóltì tó wà nínú gíláàsì yẹn lè lé ní 20,000, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ ọ́ kúrò nínú iná.

Lọ́rọ̀ ti mọ́nítọ̀, ẹ má lọ ra ńlá. Èyí tí mo máa ń wá ni mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ oníigun mẹ́rin tí àwọn ọ́fíìsì Òyìnbó ń kó dànù, oní-ínǹṣì 17 tàbí 19, wọ́n kún Computer Village ní Ìkẹjà, àwọn tó ń kó o wá sí Adó náà wà. Àwòrán kọ̀ǹpútà àtijọ́ jẹ́ 4 sí 3, tẹ́ ẹ bá fi sí pílásímà tó gùn ní 16 sí 9, tẹ́ ẹ ò sì ṣètò ẹ̀, ó máa fẹ̀ sápá méjèèjì, bọ́ọ̀lù á di ẹyin. Tó bá jẹ́ pílásímà náà lẹ ní, ẹ wọ inú mẹ́nù, ẹ yàn 4:3. Kí ẹ tó sanwó mọ́nítọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fún un ní 50 Hz wò, ìyẹn àwòrán 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, torí ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ kọ̀ǹpútà ò gba ohun tó kéré sí 60, TV ló sábà máa ń gbà á. Ohun tó tún mú kí n fẹ́ràn àwọn mọ́nítọ̀ kékeré yìí ni iná. Spectrum fúnra ẹ̀ ò jẹ ju nǹkan bíi wáàtì 13 lọ, TV àtijọ́ ló ń jẹ iná. Pẹ̀lú mọ́nítọ̀ pẹlẹbẹ, kọ̀ǹpútà àti ojú ẹ̀ lè máa ṣiṣẹ́ lórí sólà kékeré tí wọ́n fi ń tan gílóòbù, nígbà tí gbogbo àdúgbò bá ṣókùnkùn.

Ọ̀rọ̀ adápítọ̀ ni mo fẹ́ fi ọwọ́ líle sọ. Adápítọ̀ kún gbogbo ilé, ti dẹ̀kódà, ti ráútà, orí wọn á sì wọ ihò kọ̀ǹpútà yín wẹ́kú. Ẹ má dán an wò. Spectrum ń lo fóltì 9, àárín orí adápítọ̀ ẹ̀ sì ni nẹ́gẹ́tíìfù, èyí tó yí padà sí ọ̀pọ̀ tó wà nílé yín, tí ti dẹ̀kódà bá tún wá jẹ́ fóltì 12, ẹ ti pa á nìyẹn. Ti Commodore 64 burú lọ́nà míì, adápítọ̀ tó bá a wá látilẹ̀ gan-an lọ̀tá, tó bá ti gbó, fóltì 5 inú ẹ̀ lè ga sókè lójijì kó jó àwọn ṣíìpù RAM láìfi ọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n kó tó kan kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ sì ra tuntun tẹ́ ẹ bá lè rà á.

Tí irú páálí yìí bá wà nílé yín ní Ìjerò, ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀tùn, níbi yòówù, tí àwọn oníkóńdẹ́ẹ̀mù bá ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀, ẹ mú kọ̀ǹpútà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ mú adápítọ̀ ẹ̀ náà bó tilẹ̀ ti bàjẹ́, torí orí ẹ̀ àti ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀ ló máa sọ irú iná tó ń fẹ́. Ẹ mú wáyà èyíkéyìí tó bá ní orí rọ̀bọ̀tọ̀ oníhò púpọ̀, irú DIN yẹn ò rọrùn rí ní Adó mọ́. Kasẹ́ẹ̀tì náà, ẹ kó o, ẹ gbé e kúrò níbi tó gbóná, fóònù lè gba ohùn inú ẹ̀ sílẹ̀ kó sì tún gbé e padà fún Spectrum láti ihò íápíìsì. Lẹ́yìn náà ẹ yí kọ̀ǹpútà sẹ́yìn, ẹ ka iye ihò tó wà ní sókẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ibẹ̀ la máa ti bẹ̀rẹ̀.